Ṣíbí Hilja

Oṣù Ọ̀wàrà, aago mẹ́fà ìdájí, ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Valdur ti wà nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́n omi àná dànù
pẹ̀lú agolo sàdíìnì.
Kò kí mi. Ó na ife kọfí sí mi.
Bó ṣe ń kíni nìyẹn láti ìgbà tí Hilja ti kú.

Adágún Peipsi fẹ̀ débi pé o ò lè rí òdìkejì ẹ̀,
àfi kùrukùru tó jókòó sórí omi
bí àgbà tí kò fẹ́ dìde.
Ewé ń já bọ́ sínú ọkọ̀ wa, wọ́n pọ́n bí ìyeyè.

Ẹja tá à ń wá kì í jẹ ekòló, kì í jẹ búrẹ́dì.
Ẹja ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń jẹ.
Haugi là ń pè é.
Ẹnu ẹ̀ gùn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, eyín inú ẹ̀ ju ti ayùn lọ.
Ó lè dúró sáàárín koríko omi láti àárọ̀ dọ̀sán,
kó máa wò ọ́, kó má mira,
bí agbowó-orí tó mọ̀ pé o máa padà wálé lálẹ́.

Valdur yọ nǹkan kan lápò.
Ṣíbí ọbẹ̀ ni. Ó ti gé ọrùn ẹ̀,
ó ti lu ihò sí i lórí,
ó ti so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta mọ́ ọn nídìí.
"Ti Hilja ni," ó ní. "Mẹ́fà ni wọ́n.
Jù ú sọ́hùn-ún, lẹ́bàá eèsún."

Mo jù ú. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ omi
bí ojú ẹni tó rántí nǹkan.
Ní ìjù kẹta, nǹkan fà mí,
kì í ṣe bí koríko ṣe ń fani.
Ọ̀pá tẹ̀ kòlòbà. Valdur gbé àwọ̀n,
ó ń wí pé rọra, rọra, rọra.
Mi ò rọra.
Okùn já.
Omi yípo lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa ojú dé.

Mo ní, "Valdur."
Ó ní, "Ṣé omi ṣeé bi léèrè ni?"
Láti ibẹ̀ dé èbúté, àjẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Adágún dì lẹ́yìn Kérésìmesì.
Nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ máa fi dé ìdajì,
àwọn ará abúlé ti ń wa mọ́tò
lórí ibi tí ọkọ̀ wa ti ń fì sọ́tùn-ún sósì.
Mo gbé irin tá a fi ń lu yìnyín sí èjìká,
mi ò mọ̀ bóyá á wá. Oṣù mẹ́ta la ò ti fojú kanra.
Ó wà níbẹ̀. Ó ti lu ihò méjì,
ó ti gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì kí n lè jókòó.

Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe èyí tí ẹ̀wù lè lé.
Lábẹ́ bàtà wa, adágún ń kùn,
bí ẹni tó ń yíra padà lórí ibùsùn onígi.
Valdur ní bó bá ṣì ń kùn, kò séwu;
bó bá dákẹ́ ni kí o sá.
Mo wo ojú ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá adágún ló ń sọ.

Lọ́sàn-án a mú haugi kan tó gùn tó apá mi.
Kó tó gbá ìrù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Valdur ti kúnlẹ̀,
ó fi igi la ẹnu ẹ̀, ó wo ẹ̀yìn eyín, ó wo ọ̀fun.
Kò sí nǹkan kan.
A mú ìkejì. Èmi ni mo kúnlẹ̀. Kò sí.
A wo ara wa, àgbàlagbà méjì lórí orúnkún,
tí wọ́n ń yẹ ẹnu ẹja wò bíi dókítà eyín.
Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ó tún ki ọwọ́ bọ àpò. Ṣíbí mìíràn.
"Rárá o. Ó ku mélòó nílé?"
"Mẹ́rin."
"Bí àlejò bá dé ńkọ́?"
"Ta ló ń wá sílé mi, yàtọ̀ sí ìwọ?"
Fúnra ẹ̀ ló so ó mọ́ okùn mi,
òtútù ti mú ìka ẹ̀ pọ́n.
"Bí èyí bá tún sọnù, ọwọ́ lo máa fi jẹ ọbẹ̀."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò dúdú.
Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń tàn, ó ń tàn.
Nǹkan fọwọ́ kàn án.
Lọ́tẹ̀ yìí, mo rọra.