Ẹ Má Jù Ú Sómi

Oṣù Kẹfà. Òòrùn ò wọ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa;
á kàn yà sẹ́yìn igi bí ẹni lọ tọ̀, á padà dé.
Yìnyín orí adágún Hoikka ti yọ́ tán,
ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ ò tíì palẹ̀ mọ́:
ti ìka bọ̀ ọ́, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn.

Ọmọ ajá kan wà nílé wa, ọmọ oṣù márùn-ún,
onírun kíkákò, aláwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Halla la sọ ọ́, orúkọ ìrì dídì tí í pa ọ̀dùnkún lóko.
Inú omi ni ìran rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jẹun.
Piki ìyá rẹ̀ ti gbé pẹ́pẹ́yẹ igbó bọ̀ létí eèsún
ju iye tí ẹnikẹ́ni nílé wa lè kà.
Halla ní tirẹ̀, bí ìrì bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀,
á gbé ẹsẹ̀ náà sókè,
á wò ó bí ẹni tí a fi ìwọ̀sí lọ̀.

Urpo, àbúrò bàbá mi, dé lọ́jọ́ Sátidé.
Ó ní, "Ẹ gbé e fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, gbì!
Yóò lúwẹ̀ẹ́. Kí ló tún fẹ́ ṣe?"
Ìyá bàbá mi ń ha ẹja lórí pákó èbúté. Kò gbójú sókè.
"Urpo, Tessu ńkọ́?"

Urpo dákẹ́.
Tessu tó jù sódò lọ́dún tí mo wọ ilé ìwé:
títí ajá yẹn fi kú, bí a bá da omi sábọ́ lásán,
abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti ń fà á jáde.
"Ẹ má jù ú sómi," ni Màmá Kerttu wí.
"Ohun tí ẹ̀rù bá kọ́ ni, ẹ̀rù náà ní í gbà á padà."

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.
Ó wọ bàtà rọ́bà, ó kó sọ́séèjì gígé sápò,
ó rìn dé ibi tí omi ti mu kókósẹ̀, ó dúró,
ó ń ròyìn ìrora orúnkún rẹ̀ fún Piki.
Halla ń sunkún létí omi. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Ó sáré sọ́tùn-ún, ó sáré sósì, ó gbó mọ́ òṣíbàtà,
òṣíbàtà ò fèsì.
Ó na ẹsẹ̀ kan. Ó fà á padà.
Sọ́séèjì kan. Ó tó bẹ́ẹ̀. A lọ sílé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ gbígbẹ lẹ́nu okùn:
Halla lé e, omi dé e láyà
kó tó rántí pé òun ń bẹ̀rù.
Lẹ́yìn náà òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
ó gbàgbé gbogbo rẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ láti kókósẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ wàyí:
lọ́dún tó ju Tessu, ọwọ́ kan náà ló gbé mi.
Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá, omi ò tíì kọjá orúnkún mi.
Etí ń dùn mí, ni mo máa ń wí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Kerttu jáde nínú ilé ooru,
ara rẹ̀ ń rú èéfín. Ó wọ adágún, Piki tẹ̀lé e,
orí funfun kan, orí dúdú kan, wọ́n ń lọ.
Kò pe ẹnikẹ́ni. Kò wẹ̀yìn.
Halla wò mí.
Mo wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Ó wọ̀ ọ́. Mo dé itan.
Ilẹ̀ bọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: pà, pà, pà, ó ń fọwọ́ gbá omi lójú,
lẹ́yìn náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìrù rẹ̀ tọ́ gbọọrọ bí àjẹ̀,
imú nìkan àti ojú méjì tí ìyanu kún.
Mo tẹjú mọ́ ọn débi pé n kò mọ ìgbà
tí ilẹ̀ bọ́ lábẹ́ tèmi.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Màmá Kerttu fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.
Halla ò gbọ́, kò sì sọnù.
Èmi gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Ọbẹ̀ ẹja ti tutù lórí tábìlì,
òòrùn ti lọ sẹ́yìn igi, ó ti dé.