Oṣù Mẹ́fà Sí i

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà náà dé láti Wáṣíńtìn,
òjò ti rẹ igun rẹ̀ kan.
Winifred Doane fi ọ̀bẹ bọ́tà là á,
ó kà á sínú, ó tún un kà síta:
Ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn etíkun yìí,
tí ẹ̀mí rẹ̀ pin lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án,
a fi oṣù mẹ́fà kún ọjọ́ rẹ̀,
fún ìgbà díẹ̀ ná.

A wo ara wa.
A ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti kú, a ò mọ̀!
Àwa òkú yìí la pàdé lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá,
a bu kọfí, a dìbò,
a fẹ́ẹ̀ lu ara wa nítorí okùn
tí a ó fi sọgbà yí ìtẹ́ ẹyẹ kan ká,
ẹyẹ kékeré tí ẹyin rẹ̀ jọ òkúta wẹ́wẹ́.
“Ṣé ìbò òkú ṣì dúró?” Winifred bèèrè.
Osborne Tuttle, apakàn, yọ fìlà:
“Ta ló gbọ́ tiwa nígbà tí a wà láàyè?”

Èmi kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀.
Èmi Delfina ni mo ń to àga.
Ọdún mẹ́tàlélógún, àga mọ́kànlá
nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná:
mẹ́wàá fún wọn, ọ̀kan fún ìjọba
tí kì í wá.
Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà yìí
ìṣẹ́jú méjìlá ni mo fi ń rìn dé omi.
Lónìí, bí mo bá da omi kọfí nù,
òkun ló ń mu ún.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n tún un kọ.
Ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀,
wọ́n ti fi irin yí i sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé arúgbó kúrò nídìí ààrò.
Ìjọba ń gba ìmọ̀ràn
bí ènìyàn ṣe ń gba agboorun lọ́jọ́ ọ̀dá:
ó kí wọn kú iṣẹ́, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Àga Lemuel ṣófo láti ìgbà òjò dídì.
Ẹni tí yóò yan arọ́pò rẹ̀ wà ní olú-ìlú,
òun náà ń retí lẹ́tà
tí yóò sọ fún un bóyá òun ṣì wà.
Síbẹ̀ mo ń to ó. Mo ń nù ún.

Oṣù mẹ́fà.
Ẹyẹ yẹn yóò ti lọ, yóò ti bọ̀.
Ìjì mẹ́ta, ó kéré tán, yóò ti kọjá,
kálukú wọn yóò sì bu tirẹ̀ lọ nínú ilẹ̀
láìdúró gba ìwé àṣẹ.

Wọ́n tú ká ní aago mẹ́sàn-án.
Mo máa ń ká àwọn àga jọ,
ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí mo fi wọ́n sílẹ̀.
Mo gbá iyanrìn tí bàtà wọn kó wọlé,
ìkólẹ̀ kan, kò kún,
mo gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pákó,
mo dà á padà sétí omi.
Atẹ́gùn gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi,
ó fọ́n ọn sí mi lójú.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ mú ìgbálẹ̀.