Ojú Ọ̀bẹ Lára Òpó

Ọkọ̀ láti Ìgbókọ̀dá sọ mí sílẹ̀ ní Odò-Ẹ̀gbà,
bàtà aláwọ lẹ́sẹ̀, fáìlì lábẹ́ abíyá.
Àkúrẹ́ ni wọ́n ti rán mi,
pé kí n wá kọ́ àwọn ará ilé mi
bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òkun ń bọ̀.

Ìyá Olúwambẹ́ ń yan ẹja.
Ó wò mí láti orí dé bàtà.
"Ọmọ Ayéwùmí, ṣé o ti jẹun?"
Kò bèèrè fáìlì.

Níbi tí mo ti ka ìwé mẹ́fà,
ọ̀bọ̀kún ló ń kàwé níbẹ̀ báyìí.
Ṣóńṣó òrùlé nìkan ló yọrí,
lékeléke kan bà lé e
bí olùkọ́ tó pẹ́ dé.
Ibojì ìyá mi ńkọ́?
Wọ́n nawọ́ sí ojú omi.
Ọwọ́ wọn ni mo wò, n kò wo omi.

Bàbá mi kò ríran mọ́.
Ó fà mí lọ sídìí òpó ilé,
ó fi ìka mi lé ojú ọ̀bẹ kan ní ọrùn ẹsẹ̀:
"Ibí lomi dé lọ́dún tí a bí ọ."
Òmíràn ní orúnkún:
"Ọdún tí o lọ sí Àkúrẹ́."
Òmíràn ní itan:
"Ọdún ilé-ẹ̀kọ́."
Òmíràn wà ní ìbàdí. Ìka mi dúró síbẹ̀.
Bàbá kò sọ̀rọ̀.
Ojú ewé mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú fáìlì mi,
kò sí òpó kankan níbẹ̀.

Àwọn kan ti wá ṣáájú mi.
Wọ́n kó òkúta wá, wọ́n ri pátákó gàgàrà mọ́lẹ̀,
wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọkọ̀.
Òkúta rì.
Pátákó ló kù,
Ìyá Olúwambẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn," ni Oríyọmí wí,
ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, báírò lẹ́yìn etí.
Mo bọ́ ọ. Ẹrẹ̀ gbà mí dé àárín ojúgun.
Ó fi èso ẹ̀gbà hàn mí, bó ṣe rọ̀ gbọọrọ:
èyí tó bá di igi mú, ẹ fi í sílẹ̀;
èyí tó bá jábọ́ bí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án,
òun ló ti ṣetán.
Ọ̀rá píọ́wọ́tà ni wọ́n ń rọ ẹrẹ̀ sí,
ọ̀rá tí à ń sọ nù láti ojú ọkọ̀.
Bómi bá fà ni wọ́n ń gbìn,
níbi tí akàn bá gbẹ́ ihò sí,
torí akàn kì í kọ́lé síbi tí kò ní bá ilẹ̀ lọ́la.

"A gbin ẹgbẹ̀ta lọ́dún èṣí," ló wí.
"Omi kó o. Ọ̀kanlélógójì ló kù.
Ọ̀kanlélógójì yẹn ló kọ́ wa."

Àwọn baba wa gé ẹ̀gbà dáná ẹja,
wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gbà sílẹ̀ fún ìlú.
Èmi náà jẹ nínú ẹja yẹn,
òun ni wọ́n tà, tí mo fi kàwé dé Àkúrẹ́.

Oríyọmí nàró, ó nu ọwọ́ sídìí:
"Ẹ̀gbà á tó ọdún mẹ́wàá kó tó lè dá ìgbì dúró.
Ṣé ilẹ̀ á ṣì wà tí yóò máa ṣọ́?"
Mo ṣí fáìlì.
Mo pa á dé.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbin òmíràn.

Lóru, omi kún wọ àgbàlá.
Oríyọmí gbé àtùpà wá, ó kọ wákàtí sínú ìwé,
ó fún àbúrò rẹ̀ ní ọ̀bẹ
pé kí òun ló gé e lọ́tẹ̀ yìí.
Ọmọ náà gé e, ahọ́n rẹ̀ yọ síta.
Bàbá mi fi ìka kan lé ojú ọ̀bẹ tuntun,
igi ṣì tutù níbẹ̀,
ó fi ìka kejì lé tèṣí.
Ó pẹ́ kó tó mí.
"Ó sún," ló wí.
Kò sọ ibi tó sún sí.