Ìbọ̀wọ́ Kan Ṣoṣo

Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń páàkì ọkọ̀ akóyìnyín
sí ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì (ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ gbọ́),
abẹ iwájú rẹ̀ á sùn sílẹ̀ bí ahọ́n màlúù.
Mo gun àtẹ̀gùn, mo gbọn bàtà,
mo wọ yàrá tí páìpù amúlé-móoru ti ń kàn gbì-gbì
bíi pé ẹnì kan há sínú rẹ̀, tó fẹ́ jáde.
Èmi Ardis Lindqvist, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta,
tó ti fi ogún ọdún gbá ojú títì Duluth,
mo wá jókòó sínú àga ọmọ ilé-ìwé:
ikùn mi há síbẹ̀, inú mi ò há.

Haugland, olùkọ́ wa, obìnrin tín-ín-rín
tí pẹ́ńsù àwọ̀ ewé rẹ̀ kì í ṣojú àánú,
ó ní, "Níbí, ẹ pa irọ́.
Ẹ pa á, ẹ sè é jinná;
irọ́ tútù ní í mú inú run òǹkàwé."
Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá tó bí mi kì í sọ̀rọ̀.
Kò pa ìtàn, kò pa àlọ́, kò pa irọ́.
Á pa ẹnu mọ́, á pa iná, á lọ sùn.

Ẹ wá wo àwọn ará kíláàsì mi.
Wendell Kangas, alásè inú ọkọ̀ tó ń kó òkúta irin
la adágún kọjá fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n:
kò sí ìtàn rẹ̀ tí ọbẹ̀ ò sí níbẹ̀,
kódà ẹni tó ń kú lọ á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.
Pa Houa Vang, tí ìyá àgbà inú ìtàn rẹ̀ ń bá fíríìjì jà
torí ó ń kùn lóru bí àna tí kò rí jẹ.
Beaudry, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
pa ènìyàn mẹ́rìnlá lójú ewé kìíní.
Haugland bi í: "Ta ni yóò wá gbé ojú ewé kejì?"

Lóṣù Kejì, ó kàn mí.
Mo kọ nípa ọkùnrin kan tó sọ ìbọ̀wọ́ kan nù,
tó padà lóru láti wá a. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ohùn mi ń gbọ̀n bí ife lórí ẹ́ńjìnnì.
Mo kà á tán. Páìpù kàn, ó tún kàn, ó dákẹ́.
Mo ti ń ká bébà mi, mo fẹ́ tọrọ àforíjì,
ni Vang bá ní, "Owó wà nínú ìbọ̀wọ́ yẹn."
"Irọ́ o," ni Beaudry wí, "ìka ló wà níbẹ̀."
"Ìyàwó rẹ̀ ló hun ún," ni Kangas wí. "Òfìfo ni.
Òfìfo rẹ̀ gan-an ló wúwo."
Wákàtí kan gbáko! Wọ́n lu tábìlì,
wọ́n jà lórí ọkùnrin tí abiyamọ kankan ò bí,
ẹni tí mo fi bírò dá lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
agolo ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Haugland fa igi lu ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án.
Ó fi "tútù" sílẹ̀. Ó ní ìyẹn ṣiṣẹ́ owó rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọ kóòtù, Kangas fà mí lápá aṣọ,
ó rọra bi mí, bí ẹni ń béèrè aláìsàn ilé:
"Ọkùnrin yẹn, ṣé ó délé?"
Mo ní n kò tíì mọ̀.
Ó mi orí. "Tó o bá gbọ́, jẹ́ kí n gbọ́."

Aago mẹ́rin ìdájí, yìnyín ti tún bo ìlú,
mo ń fá ojú títì bí orí ọmọ tuntun,
adágún dúdú lápá ọ̀tún mi, kò sọ nǹkan kan.
Lẹ́bàá afárá ni mo ti rí i: ìbọ̀wọ́ pupa,
ti ọwọ́ òsì, lórí òkìtì yìnyín,
ìka márààrún nà sókè
bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn.
Iṣẹ́ mi ni kí n gbá a lọ.
Mo gbé abẹ sókè, mo yà fún un.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ku ọjọ́ mẹ́fà.