Ìròyìn Òkun fún Bẹ́ẹ̀dì Kọkànlá

Ọ̀gbẹ́ni Threlkeld, mo ti débẹ̀.
Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo sọ̀ ní Saltburn,
aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi lábẹ́ kóòtù,
oorun tí mi ò sùn so mọ́ ìpéǹpéjú mi bí eégbọn mọ́ ajá.
Òkè tí ẹ júwe, Huntcliff, kò tíì yọjú;
kùrukùru ti bò ó dé ọrùn.

Ẹ ní kí n kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́.
Mo pọ́n ìka lá, mo nà án sókè.
Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun ló tutù.
Ọ̀dọ̀ Norway ló ti ń fẹ́ bọ̀,
irú èyí tí ẹ pè ní ọ̀bàyéjẹ́,
tó ń fọ́ orí ìgbì kó tó dìde tán
bí ọmọdé tó ń ṣí ìkòkò kí ọbẹ̀ tó jinná.

Gíga rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, Ṣakí ni wọ́n bí mi sí.
Omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ní kékeré
ni èyí tó kún àgbá lẹ́yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Ara èèyàn ni mo fi ń wọn nǹkan:
ìgbì àkọ́kọ́ dé orúnkún, ìkejì kò tó o,
ìkẹta gbìyànjú títí dé itan, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó.
Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì ilé ahun.

Mo ka àlàfo rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi.
Aago tí mo fi há àyà, tí mo fi ń ka èémí yín lóru,
òun náà ni mo fi ka ti òkun:
márùn-ún, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin.
Èémí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn.
Ẹ ní tó bá ti tó mẹ́wàá, kí n dẹ́kun kíkà, kí n máa wò.
Kò tó mẹ́wàá.

Omi ti fà dé ìdí òpó tó kẹ́yìn lára afárá onígi.
Yanrìn abẹ́ rẹ̀ ti ṣí kúrò níbi tí ẹ yà fún mi sára pépà ìnuwọ́;
ìjì ọjọ́ Sátidé ló kó o lọ sápá òsì.
Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú omi,
ó wọ aṣọ rọ́bà dúdú, ó jókòó lórí pákó rẹ̀
bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti pa tì.
Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.
Wọn ò sọ ohun tí à á ṣe nígbà tí kò bá hó rárá.

Ó ku ohun kan.
Irọ́ ni mo pa fún yín lálẹ́ àná.
Mo ní òkun tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.
Lánàá, láti orí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́,
jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ,
ìgbì sì ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ga jù mí lọ, ó ń dán bí ìgò,
ó ń ká láti ọ̀tún sí òsì láìkánjú.
Mọ́kànlá. Méjìlá. Mo ṣíwọ́ kíkà.
Ọmọkùnrin kan gun ọ̀kan pẹ́ títí
mo fi gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Mo wọlé lálẹ́, mo rí rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú yín,
mo rí ẹsẹ̀ yín méjèèjì lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì,
ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn,
wọ́n ń wá pákó.
Ẹnu mi ò lè sọ ọ́.

Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.
Àmọ́ ọjọ́ tí mo wá ń sọ òótọ́ yìí gan-an ni òkun ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu,
ẹ ó sì rò pé àánú yín ló tún ń ṣe mí.
Nílé wa, wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀.
Èyí tí ẹ̀yin ìbá gùn ṣàn kọjá lánàá, ní ìṣojú mi.
Mo gbé e mọ́ra, mi ò mọ ibi tí mo máa sọ̀ ọ́ sí.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.
Ó kọjú sí ọ̀dọ̀ Norway,
ó ń dúró.