Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé ilé ìjọba ní Augusta,
ó ń kán tó, tó, tó, sórí àtẹ̀gùn.
Màmá mi ò gbọ́ ọ. Ó rí i,
ó fi ìka kàn mí léjìká: "Wò ó, ó ń kán."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí dókítà kan ní Lewiston
wo orí màmá mi kọjá, tó bá èmi sọ̀rọ̀:
"Sọ fún un pé kókó ọmú rẹ̀ yìí kì í ṣe kókó lásán."
N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pe àrùn náà.
Mo fọwọ́ sọ pé: "Ó ní ó burú díẹ̀."
Díẹ̀ yẹn, èmi ni mo fi kún un.
Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, ó ṣì wà lọ́rùn mi.

Màmá mi, Odette Thibodeau,
fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rán bàtà ẹsẹ̀ òsì
nínú ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ibẹ̀ ń sán bí ààrá tó ṣìnà.
Ariwo náà ò rí ibi wọ̀ lára rẹ̀.
Lára àwọn tó ń gbọ́ ló ti ríbi wọ̀:
Rosaire Ouellette, tó máa ń fi ọwọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́,
ló jókòó níwájú wa lónìí, ẹ̀rọ kékeré méjì létí,
tó ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìẹ tó rí kòkòrò,
kó lè mú gbólóhùn kan nínú mẹ́ta.

Alága gbá òòlù mọ́ tábìlì.
Ìdajì yàrá dákẹ́. Ìdajì kejì ò dúró:
ọwọ́ ń fò, ẹ̀rín ń tú lójú,
ẹnì kan ń sọ ìtàn ajá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrá dé òkè.
Alága tún gbá a. Ó tún gbá a.
Màmá mi dìde, ó rìn lọ síbi ògiri,
ó pa iná, ó tàn án.
Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀.
Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà ṣe nìyẹn,
kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ìwé òfin náà ò ju ojú ewé méjì lọ:
ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àwọn adití
àti àwọn tí etí wọn wúwo.
Ènìyàn mọ́kànlá. Adití mẹ́ta.
Ìyókù, dókítà, olùkọ́, akọ̀wé owó,
àwọn tó mọ̀ nípa wa bí ẹni mọ̀ nípa ojú ọjọ́.
Sẹ́nétọ̀ Crockett bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀:
"Ṣé mẹ́ta ò tó, Ìyáàfin?"

Lónìí, ìjọba ló sanwó ògbufọ̀.
Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì
kí wọ́n má baà jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn.

Màmá mi wò ó títí.
"Bàtà ni mo rán. N kò rí i rí
kí wọ́n fi ẹsẹ̀ aládùúgbò wọn bàtà ẹlẹ́sẹ̀.
Ẹ fẹ́ fá orí; ẹ pe olórí mẹ́ta,
ẹ wá pe alábẹ mẹ́jọ.
Orí ta ni ẹ̀jẹ̀ ó ti sun?"

Ohùn ògbufọ̀ gbọ̀n nígbà tó dé ibi abẹ.
Rosaire pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó rántí,
ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mì wọ́n bí ewé.

Mẹ́fà nínú mọ́kànlá ni wọ́n dìbò sí.
Owó ńkọ́? Wọ́n fa ìlà pupa gba inú rẹ̀ kọjá.
Ìpàdé mẹ́rin lọ́dún, kálukú á ra epo ọkọ̀ rẹ̀.
Ìmọ̀ràn sì ni, kì í ṣe àṣẹ:
ẹni tá a gbà á lè kì í bọ àpò, kó fọ aṣọ náà.
"Àga la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí," màmá mi ní, "oúnjẹ ò tíì dé."

Ilẹ̀ ṣú wa sọ́nà. Ó tan iná inú ọkọ̀
kí n lè rí ọwọ́ rẹ̀.
"Ọjọ́ yẹn ní Lewiston, mo mọ̀ pé kì í ṣe díẹ̀.
Mo ka ojú dókítà.
Mo ka tìrẹ náà."

Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì,
kí ọwọ́ mi lè ráyè fèsì.