Ẹ̀kúnwọ́ Èérún Pákó

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Òkúdù, òjò Ògòtún kò dá.
Mo jí, mo ṣílẹ̀kùn ilé adìẹ,
méje ti nà gbalaja.
Ìyókù lóṣòó, wọ́n sorí kọ́,
ìyẹ́ wọn rí wúruwùru bí ẹ̀wù àyálò.
Mo ní ayé ni. Mo ní aládùúgbò ni.
Mo ti dárúkọ ẹni mẹ́ta nínú ọkàn mi
kí Àǹtí Fèhíntọlá tó dé láti Ìgbàrà-Odò
pẹ̀lú bàtà rọ́bà, àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nínú ike.

Kò wo òkú.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọwọ́ bọ ilẹ̀ ilé adìẹ,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un pọ̀,
ó la ọwọ́.
Ó dì gbagidi bí iyán àná.
"Gbóòórùn ẹ̀."
Ó ta mí nímú, ó ta mí lójú, omijé dà.
"Ìwọ tó o ga tó òpó nìyẹn.
Adìẹ tí imú rẹ̀ kò ju ìka méjì sílẹ̀ ńkọ́?"
Ó ń pe ilé ní ulé, bí àwọn tó bí i:
"Ulé tí ò gbẹ, isà òkú ni."

Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.
Àǹtí ní irọ́ ni,
ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ wò ni kò mọ̀.

A fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá
(ojú tì mí láti kà á)
lọ sídìí kókò ẹ̀yìnkùlé.
A sin méje yẹn sí òkèèrè, a da eérú lé wọn.
A gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kí àgbàrá bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.
A fi kẹrosíìnì nu igi tí wọ́n ń sùn lé,
iná tí ń jẹ adìẹ lóru kì í rú èéfín.
A so ike omi rọ̀ débi àyà wọn.
Fèrèsé tí mo fi ọ̀rá dí pa nítorí òtútù,
ó fi ọ̀bẹ ya á:
"Òtútù kọ́ ló pa wọ́n. Èémí ara wọn ni."
Ó fi ògbólógbòó ẹní rọ̀ síbẹ̀,
ẹní tí ìyá rẹ̀ hun,
tí wọ́n tẹ́ mi sí lọ́jọ́ ìkómọ;
òjò bá dé, ká sọ ọ́ kalẹ̀,
òjò bá dá, ká ká a sókè.
Inú bí mi díẹ̀ nítorí ẹní yẹn. N kò sọ.

Káfíńtà Bánkọ́lé fún wa ní àpò èérún pákó mẹ́ta,
gbígbẹ, tí kò kan ọ̀dà rí.
Méjì tún kú lọ́sẹ̀ yẹn.
Àìsàn kì í tètè gbọ́ pé a ti gbálẹ̀.

Nísinsìnyí, tí òjò bá ń lu páànù ní aago méjì òru,
mo máa ń dìde, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
mo kọwọ́ bọlẹ̀, mo fún un pọ̀, mo la ọwọ́.
Ó tú.
Ó ń yọ́ jáde láàárín ìka mi bí gàrí tó yan.
Àkùkọ la ojú kan wò mí, ó tún padà sùn.
Mo dúró díẹ̀ sí i, kì í ṣe nítorí nǹkan kan.

Nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ,
mo ti gbé ẹyin fún méjì.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ yìí kan náà
ni mo fi bọ pásítọ̀ lọ́wọ́.
Mo ti fọ̀ ọ́. Mo rò pé mo ti fọ̀ ọ́.